Ẹ̀yin Mélòó Lẹ Jáde? Ọ̀ṣẹ́tùúrá Ń Bá Olórí Wí

  Ìbà Olódùmarè. Ìbà Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín. Ìbà akọ́dá, ìbà aṣẹ̀dá. Ìbà ẹ̀yin ìyá wa. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ẹnu mi má ṣì í sọ, kí etí yín má ṣì í gbọ́.

Odù tí a fẹ́ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí ni Ọ̀ṣẹ́tùúrá. Kò sí awo tí kò mọ̀ ọ́n, torí kò sí ẹbọ tí à ń rú tí a kì í pe Ọ̀ṣẹ́tùúrá sí i. Ṣùgbọ́n nítorí pé à ń pè é lójoojúmọ́, a kì í sábà dúró gbọ́ ohun tó ń bá wa wí. Lónìí, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí Ifá tó ń bá olórí wí: ọ̀gá ilé-iṣẹ́, alága ẹgbẹ́, baálé ilé, Olúwo, Ìyá Ẹgbẹ́, gbogbo ẹni tí wọ́n bá ti fi ṣe aṣáájú. Iṣẹ́ tíṣà ni mo fi ń gbowó oṣù, Ifá ni iṣẹ́ ìdílé mi. Kí n má purọ́ fún yín, ohun tí mo rí lọ́wọ́ àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wà lára ohun tó jẹ́ kí Odù yìí túbọ̀ yé mi.

Ìtàn inú Odù náà

Nígbà tí Olódùmarè rán àwọn Odù wá tún ayé ṣe, ọkùnrin mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, obìnrin kan ṣoṣo ló ṣe ìkẹtàdínlógún wọn. Ọ̀ṣun ni obìnrin náà. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n la igbó Orò, wọ́n la igbó Eégún, wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n ń pín iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó pe Ọ̀ṣun sí i. Wọ́n ní obìnrin ni, kí ló fẹ́ bá àwọn dá sí? Ọ̀ṣun ò bá wọn jà. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó mú òòyà rẹ̀, ó ń ya irun rẹ̀.

Ni nǹkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í dojú rú. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Àgàn ò rí ọmọ pọ̀n. Aláìsàn ò dìde lórí ẹní. Ẹbọ tí wọ́n rú ò fín, ètùtù tí wọ́n ṣe ò gbà. Wọ́n pàdé títí, wọn ò rí ojú ọ̀rọ̀ náà. Ó di ọ̀dọ̀ Olódùmarè.

Wọ́n rojọ́ tán. Olódùmarè ní, "Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nílé ayé?" Wọ́n ní àwọn mẹ́rìndínlógún. Ó ní, "Nígbà tí ẹ ń kúrò níbí ńkọ́, ẹ̀yin mélòó lẹ jáde?" Wọ́n ní àwọn mẹ́tàdínlógún. Olódùmarè ní kí wọ́n padà lọ bẹ ìkẹtàdínlógún wọn, pé àfi tó bá yọ́nú sí wọn ni nǹkan wọn yóò tó gún.

Wọ́n padà, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Ọ̀ṣun ò yára gbà. Nígbà tó yá, ó ní oyún wà nínú òun. Bí òun bá fi bí ọkùnrin, ọmọ náà ni yóò máa bá wọn jáde. Bó bá jẹ́ obìnrin, ọ̀rọ̀ òun àti wọn ò tíì tán. Gbogbo àgbà wá ń fi àṣẹ ránṣẹ́ sí oyún náà lójoojúmọ́. Ọkùnrin ló bí. Ọmọ náà ni Ọ̀ṣẹ́tùúrá, òun ló sì ń gbé ẹbọ wa dé òde ọ̀run títí dòní.

Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọn ò kà á kún

Ẹ fara balẹ̀ wo ìbéèrè tí Olódùmarè bi wọ́n. Kò bi wọ́n pé ẹran wo lẹ fi rúbọ. Kò bi wọ́n pé ta ló ń ṣẹ́ yín. Ó ní kí wọ́n ka ara wọn. Ojú Odù mẹ́rìndínlógún, àwọn tí gbogbo 256 Odù tí à ń kì ti wá, kò sí ọgbọ́n tí wọn ò ní. Ẹ wá rántí pé nígbà tó béèrè lẹ́ẹ̀kejì, kíá ni wọ́n dáhùn pé mẹ́tàdínlógún. Ìyẹn ni pé wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọn ò kà á kún ni. Ẹni tí kò mọ nǹkan, a lè kọ́ ọ. Ẹni tó mọ̀ tí kò kà á kún, ìyà ló sábà máa ń kọ́ ọ.

Kí ló dé tí wọn ò fi rí ìdí ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn? Torí pé àwọn tí wọ́n jọ ṣe é ni wọ́n jọ ń wá ìdí rẹ̀. Ẹni tó lè sọ fún wọn ò sí nípàdé.

Ní ilé-ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, a ní ìyá kan tó jẹ́ igbákejì ọ̀gá àgbà nígbà kan. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n, wọn ò kí Ifá, Ifá ò sì bínú. Bí a bá ti jókòó sí mítíìn, kí ẹnikẹ́ni tó lanu, wọn á ní: "Ta ni ò sí níbí tó yẹ kó wà níbí?" Àwa tíṣà a máa rẹ́rìn-ín. A ti sọ ọ́ di àwàdà ní yàrá olùkọ́.

Lọ́dún kan, ìgbà òjò, à ń jíròrò kíláàsì tí a máa fi ṣe ìdánwò. Ìyá béèrè ìbéèrè wọn. Ẹnì kan ní, "Ẹ jẹ́ ká pe bàbá ọlọ́dẹ, àwọn ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn." Wọ́n lọ pè wọ́n. Bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò fẹ́ wọlé. Ìyá ní kí wọ́n gbé àga fún wọn. Ìgbà tí wọ́n jókòó ni wọ́n tó sọ ọ́: bí òjò bá ti ń rọ̀ lóru, àwọn máa ń gbọ́ tí ògiri ẹ̀yìn kíláàsì kan ń dún, omi sì ti ń wọ́ ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ti sọ fún wọn ní ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn máa wò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá ní ká kó àwọn ọmọ kúrò ní kíláàsì náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ògiri wó lóru. A lọ wò ó láàárọ̀, búlọ́ọ̀kù ti bo gbogbo bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn. Ọmọ mẹ́tàlélógójì ló ń jókòó ní kíláàsì yẹn tẹ́lẹ̀. Àtọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́ bí ìyá bá béèrè ìbéèrè wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bàbá ọlọ́dẹ ti sọ̀rọ̀ o. Kì í ṣe pé wọ́n dákẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn ni ò ní ọ̀nà tó máa gbà dé ibi tó ń lọ. Ìdí nìyí tí Ifá fi jẹ́ kó jẹ́ ọmọ Ọ̀ṣun, ọmọ ẹni tí wọn ò pè sípàdé, ló wá di ẹni tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run. Ẹni tí a fojú tín-ín-rín, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà wà.

Iṣẹ́ ẹrú, iṣẹ́ ọmọ

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ ìwà pẹ̀lẹ́ lásán nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn ìlàrí ni oníṣẹ́ Aláàfin. Bí wọ́n ṣe fá orí wọn ni a fi ń dá wọn mọ̀. Orúkọ tí ọba sọ ìlàrí fúnra rẹ̀ máa ń gbé ohun tó wà lọ́kàn ọba jáde, débi pé bí wọ́n bá ti rí ẹni tí ọba rán, wọ́n ti gbọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀. Àwọn baba wa tún ń fi àrokò ránṣẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n so pọ̀ túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni fà sí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí. Mẹ́jọ túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọra. Ẹ wá rò ó: bí ẹyọ méjì bá já bọ́ lọ́nà, ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹni tó gbà á ò sì ní mọ̀.

Ibi iṣẹ́ òde òní, ẹyọ ń já bọ́ lójoojúmọ́. Ọ̀gá á ní, "Sọ fún wọn kí wọ́n jọ̀wọ́ tètè parí rẹ̀, mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀." Ẹni tó rán á dé ibẹ̀, á ní, "Ọ̀gá ní ẹ̀ ń fi iṣẹ́ ṣeré." Ìjà dé. Akọ̀wé kan wà lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan, tí irú èyí kì í ṣẹlẹ̀ sí. Bí ẹ bá rán an níṣẹ́, kò ní gbéra àfi tó bá kọ́kọ́ tún un sọ fún yín: "Ohun tí ẹ ní kí n sọ nìyí, àbí?" Nígbà mìíràn, bí ẹni tó ń bínú bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ láti ẹnu ẹlòmíì, òun fúnra rẹ̀ á ní, "Rárá, má sọ ọ́ báyẹn." Ẹ ò rí i? Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, kò yí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni padà, ó kàn jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ni. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ọkùnrin yẹn máa ń jẹ́ kí olóhùn tún wo ẹyin rẹ̀ kó tó gbé e lé èèyàn lọ́wọ́.

Àwa tí a ka ìtàn mọ̀ pé oníṣẹ́ rere lè tú ogun ká. Nígbà tí ogun Kírìjì ti ń jà fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, Samuel Johnson àti Charles Phillips ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886. Àlùfáà ìjọ ni àwọn méjèèjì. Ohun tó dára, a ó wí pé ó dára, ẹni yòówù tó ṣe é.

Ẹ̀yin awo ẹgbẹ́ mi, ta ló tún jẹ́ oníṣẹ́ jù wá lọ? Ẹni tó wá dáfá, ó ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún owó tàbí ìbò kó tó gbé e lélẹ̀. Àwa ò gbọ́ ọ. Ifá ló gbọ́. Iṣẹ́ tiwa ni ká gbé ohun tí Ifá sọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹyọ kan má já bọ́. Bí Ifá bá ní kí ọkọ fara balẹ̀ tọ́jú ìyàwó rẹ̀, tí a wá ní, "Ìyàwó rẹ ló ń dà ọ́ láàmú," a ti fọ́ ilé kan. Kò sí ẹbọ tó máa tún un tò kíákíá.

Ẹni tó lè sọ pé òun ò mọ̀

Nínú Ìkáfún, àwọn àgbà fẹ́ gbó, wọ́n fẹ́ tọ́, wọ́n lọ dáfá. Ifá kìlọ̀ oríṣiríṣi fún wọn. Ọ̀kan lára ìkìlọ̀ náà ni pé kí wọ́n má pe ohun tí wọn ò mọ̀ ní ohun tí wọ́n mọ̀. Wọ́n gbọ́, wọn ò gbà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní Ọ̀rúnmìlà ló ń pa àwọn. Ọ̀rúnmìlà ní òun kọ́, àìgbọ́ràn wọn ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ìwé wa. Ọmọ kan bi í ní ìbéèrè níwájú gbogbo kíláàsì. Ó wo pátákó, ó wo ọmọ náà, ó ní, "Mi ò mọ ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n lọ wá a, ma sọ fún yín lọ́la." Àwọn kan nínú wa ní ó ti ba iyì tíṣà jẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó mú ìdáhùn dé. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ yòówù tó bá sọ, àwọn ọmọ gbà á gbọ́, torí wọ́n ti mọ̀ pé bí kò bá mọ̀, á wí. Iyì tí wọ́n ní ó sọ nù, ìgbà yẹn gan-an ló rí i.

Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kó rí lójú ọpọ́n. Nígbà tí a bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń lé e bá kì í dáadáa, àwọn awo yòókù á ní "Hin-ìn!" Bó bá ṣì í, wọ́n ní láti sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò sí ìbínú níbẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀, ti Ifá ni. Àwọn baba wa ti fi ẹni tó máa tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe sínú orin wọn. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: nínú ẹgbẹ́ wa báyìí, ta ló ń dá Olúwo lóhùn pé bẹ́ẹ̀ kọ́? Ọmọ awo tó bá dán an wò, ṣé a ò ní ní ó ya aláìlẹ́kọ̀ọ́? Àwọn àpẹ̀tẹ̀bí tó ń dáná ìpàdé wa, tó mọ ẹni tí kò wá mọ́ àti ìdí tí kò fi wá, ìgbà wo la béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn kẹ́yìn? Lórí WhatsApp, àgbà a fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, gbogbo ènìyàn a kọ "Àbọrú àbọyè sà," ó parí. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ń ní ayé ló bàjẹ́. Ohun tí àwọn mẹ́rìndínlógún sọ náà nìyẹn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Olódùmarè.

Ìkíni kì í ṣe ìfọwọ́sí

Bí olórí kan bá rò pé ara òun le, kó lọ ka ìtàn Baṣọ̀run Gáà. Láti 1754 títí di 1774, ọwọ́ rẹ̀ ni agbára Ọ̀yọ́ wà. Ju ọba kan lọ ló gorí ìtẹ́ tó sì ti ọwọ́ rẹ̀ kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ fọ́n ká sí àwọn ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n ń fojú àwọn èèyàn rí màbo. Aláàfin Abíọ́dún gorí ìtẹ́, ó ń lọ kí Gáà pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Gáà ń jẹ́ kíkí. Kò mọ̀ pé ẹni tó ń kí òun ti ń bá Ọ̀yábí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Àjàṣẹ́, sọ̀rọ̀. Ní 1774, òun àti ilé rẹ̀ ṣubú lọ́jọ́ kan náà. Ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi ń sọ pé bí o láyà, kí o ṣèkà. Bí o bá rántí ikú Gáà, kí o sòótọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọ̀gá mú níbẹ̀ nìyí. Bí gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ rẹ bá ń kí ọ dáadáa, tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, tí wọ́n ń kúnlẹ̀, àmọ́ tí kò sẹ́nì kankan tó ń sọ wàhálà fún ọ mọ́, má ṣe yọ̀. Bẹ̀rù. Wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ lọ síbòmíràn. Ọ̀ṣun náà ò bá wọn jà, ẹ rántí. Ó jókòó jẹ́ẹ́ ni.

Ẹ̀bẹ̀ kì í mú ọjọ́ àná padà

Ibì kan kù nínú ìtàn náà tí a máa ń sáré kọjá. Nígbà tí wọ́n bẹ Ọ̀ṣun, kò ní, "Ó tán, ẹ jẹ́ ká lọ sípàdé." Ó fún wọn ní májẹ̀mú, ó sì jẹ́ kí wọ́n dúró títí oyún fi di ọmọ. Fún gbogbo ìgbà yẹn, àwọn àgbà tó la igbó, tó pín iṣẹ́, ojú ikùn obìnrin kan ni wọ́n ń wò.

Olórí tó bá ti fojú di ẹnì kan, tó wá bẹ̀bẹ̀, kó má retí pé kí onítọ̀hún rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀bẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn ni, ìwà lójoojúmọ́ ló ń gbé èèyàn wọlé. Kó ní sùúrù. Kó máa fi àṣẹ rere ránṣẹ́ sí ohun tó wà nínú ẹni náà títí yóò fi bí i. Ohun tí ẹni náà bá bí ló máa gbé ẹbọ gbogbo ilé dé ọ̀run.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà nípò, Ifá ní ká rúbọ, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó mọ sórí ẹyẹlé àti obì nìkan. Lọ́sẹ̀ yìí, kí ìpàdé yín tó bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè ta ni kò sí níbẹ̀ tó yẹ kó wà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ẹ̀yin sọ tiyín kẹ́yìn. Bí àgbà bá ti dá ẹjọ́ tán, ọmọdé wo ló tún máa lanu? Ẹ ní kí ẹni tí ẹ rán níṣẹ́ tún un sọ fún yín kó tó lọ. Bí ẹ ò bá mọ nǹkan, ẹ wí pé ẹ ò mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì mú ọjọ́ tí ẹ máa dáhùn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò fúnra rẹ̀ ru igbá rẹ̀ dé ilé.

Mo wúre fún yín: ìkẹtàdínlógún yín ò ní di ẹni tí ẹ̀ ń wá lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ògiri ò ní wó lu ọmọ yín. Iṣẹ́ tí wọ́n rán yín ò ní já bọ́ lọ́nà. Ẹ ó rí ẹni tó máa sọ òótọ́ fún yín, ẹ ó sì ní etí tí ẹ máa fi gbọ́ ọ. Ọ̀ṣun á yọ́nú sí wa. Ọ̀ṣẹ́tùúrá á gbé ẹbọ wa dé ibi tó ń lọ. Àṣẹ.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ o.